Àǹtí tó máa mú ọmọ lọ wo ṣó orin: ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó kúrò ní Kétu

Tó bá ti di nǹkan bí oṣù Kọkànlá ọdún, ìpolówó ṣó orin á bẹ̀rẹ̀ sí í kún orí fóònù àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó. Kì í pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọ ọdún 13 tàbí 14 kan ní Ìkòsì á fi lọ bá àǹtí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á kúnlẹ̀, á ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ. Mọ́mì ní tí ẹ bá ti lè tẹ̀ lé mi, kò burú." Àǹtí tí kò mọ orúkọ olórin náà dáadáa ló wá di ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí: owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀, àti ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ inú orin àti aṣọ táwọn olórin ń wọ̀. Kò burú, ìyẹn náà ní àyè tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú orin kọ́ ló ń pa ọmọ níbi ṣó. Èrò ni. Ewu tó sì tẹ̀ lé èrò ni ọ̀nà ilé lóru. Orí nǹkan méjèèjì yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ lé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ lọ wò?

Lára àwọn táwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń pariwo orúkọ wọn ni Rema àti Ayra Starr. Benin City ni wọ́n bí Rema sí lọ́dún 2000. Kútọnu ni wọ́n bí Ayra Starr sí lọ́dún 2002, ọmọ ọdún 19 sì ni nígbà tó gbé àwo orin rẹ̀, 19 & Dangerous, jáde lọ́dún 2021. Orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Rush wà lára àwọn tí wọ́n yàn nígbà tí Grammy kọ́kọ́ fún orin ilẹ̀ Áfíríkà ní àmì ẹ̀yẹ tiẹ̀ lọ́dún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tyla, ọmọ South Africa, ló gbà á lọ. Lójú ọmọ ọdún 14, irú olórin bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí òun rárá. Ó dà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ìdí nìyẹn tí wíwò ó lórí YouTube kì í fi í tó o.

Ẹni tó bá ti tó àádọ́ta ọdún, tí ọ̀rọ̀ yìí sì ń pa á lẹ́rìn-ín, kó rántí Shinamania. Lẹ́yìn tí Shina Peters gbé Ace jáde lọ́dún 1989, ta ni àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà gbọ́ràn sí lẹ́nu? Àwọn náà ló di àǹtí àti bùrọ̀dá lónìí.

Bí èrò ṣe ń pa èèyàn

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ọmọdé 35 ló kú ní Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi ayẹyẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n pe àwọn ọmọdé sí. Ìrọ́lùrọ̀gbà èrò ló pa wọ́n. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2022, Asake, ọmọ Èkó, ń ṣeré ní gbọ̀ngàn O2 Academy tó wà ní Brixton, nílùú London. Ọ̀pọ̀ èrò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì rọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn méjì ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ààbò tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó yẹ kó dún létí àǹtí jù ni ti Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2021, níbi ṣó Travis Scott tí wọ́n ń pè ní Astroworld, èèyàn mẹ́wàá ló fara gbá a tí wọ́n sì kú. Ọmọ ọdún 9 ló kéré jù nínú wọn. Bàbá rẹ̀ ló mú un lọ, orí èjìká bàbá náà ló sì jókòó sí. Èrò fún bàbá títí ó fi dákú, ọmọ sì já bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ èrò. Bàbá yìí ò fi ọmọ sílẹ̀ o. Ó gbé e dání ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn tó ń kú níbi báyìí pa ni. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún òkú àwọn ti Houston fi hàn pé èrò ló fún wọn débi tí wọn ò fi rí èémí mí mọ́. Orí ìdúró gan-an lèèyàn lè wà tí ẹ̀mí á fi bọ́.

Ẹni tó bá ń ta tòmátò ní Mile 12 á tètè lóye rẹ̀. Tí apẹ̀rẹ̀ tòmátò bá dé láti òkè Ọya lórí ọkọ̀ àjàgbé, èyí tó wà lókè á máa dán, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti fọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Níbi ṣó, iwájú pèpéle, lẹ́bàá irin tí wọ́n fi dínà, ni ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kàn ń ti èèyàn díẹ̀ torí ó fẹ́ rí olórin. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ náà ń ti díẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó fẹ̀yìn ti irin, ó ti di ẹrù tí àyà ọmọ náà ò lè gbé sókè láti fi mí. Ẹni ẹ̀yìn ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, orin ṣáà ń lọ.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa èrò ní tí èèyàn bá ti lé ní márùn-ún lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, ewu ti wọ̀ ọ́. Kọ́ńdọ̀ dánfó, bó ti wù kó láyà tó, ó níye èèyàn tó lè tò sórí ìjókòó kan. Pápá ṣó kò ní kọ́ńdọ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló máa fi ara mọ̀ ọ́n: tí kò bá lè gbé ọwọ́ sókè nu ojú rẹ̀ láìgbá ẹni ẹ̀gbẹ́, àsìkò ti tó láti kúrò. Tí ara rẹ̀ bá ti ń lọ síwá sẹ́yìn láìjẹ́ pé òun ló gbé ẹsẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kí àǹtí àti ọmọ dúró sí, níbi tí wọ́n ti ń rí ọ̀nà àbájáde tó ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ á bínú. Á ní òun ò rí nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle wà fún irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Iwájú àǹtí ni kí ọmọ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì ni kó dì mú, torí ìka a máa yọ̀. Kó má ṣe gbé e sí èjìká láàárín èrò tó fún.

Bí èrò bá ti wá ká wọn mọ́, ohun àkọ́kọ́ ni kí kálukú ká apá méjèèjì sí iwájú àyà bí ẹni tó fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́, kí àyè èémí lè wà. Kí wọ́n má ṣe bá èrò jà, kí wọ́n má pariwo jù, torí ariwo ń jẹ èémí. Èrò máa ń ti èèyàn, á sì dẹwọ́ díẹ̀. Ìgbà tó bá dẹwọ́ ni kí wọ́n rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì, títí wọ́n á fi bọ́ síta. Fóònù tó bá já bọ́, ó ti lọ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ mú un.

Kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ṣó alẹ́ l'Ékòó ni wọ́n ti ń ta ọtí, àwọn mìíràn sì máa ń kọ ọ́ sára ìpolówó pé ẹni ọdún 18 sókè nìkan làwọn fẹ́. Kí àǹtí wádìí èyí kó tó sanwó, torí ẹkún ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì kò ṣeé gbọ́ sétí. Kó tún béèrè bóyá ìjókòó wà tàbí ìdúró ni. Gbọ̀ngàn bíi ti Eko Hotel ní Victoria Island yàtọ̀ sí pápá gbalasa bíi Tafawa Balewa Square. Tí tíkẹ́ẹ̀tì oníjòkòó bá wà, tí owó sì ká a, kó rà á. Ó sàn kí ọmọ dúró de ṣó mìíràn tí wọ́n á ti jókòó ju kí wọ́n dúró sójú kan náà fún wákàtí mẹ́fà.

Ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ó wà. Felabration máa ń wáyé lóṣù Kẹwàá ní New Afrika Shrine, Àgídíngbí, n'Ìkẹjà, tó sún mọ́ Kétu ju Victoria Island lọ fíìfíì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ṣe One Lagos Fiesta lọ́fẹ̀ẹ́ rí lópin ọdún, ní ẹkùn márààrún tó wà nípìnlẹ̀ náà. Ọ̀fẹ́ tu àpò lára, àmọ́ níbi tí kò bá ti sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò rọrùn láti mọ iye èrò tó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ti Ìbàdàn náà.

Ti ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì ò gba àlàyé púpọ̀: ojú òpó tí àwọn tó ṣètò ṣó náà dárúkọ fúnra wọn ni kó ti rà á. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àgbàlagbà kì í ronú sí. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé sórí fóònù, ọmọ á fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i. Àmì onílà tó wà lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹnu géètì ń kà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń gbà á. Ẹni tó bá da àwòrán yẹn kọ tó sì kọ́kọ́ débẹ̀ ló wọlé.

Aago 7 tí kì í ṣe aago 7

Ẹni tó bá ti lọ ṣó l'Ékòó rí mọ̀ pé aago 7 alẹ́ tó wà lórí ìwé kì í ṣe aago 7. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ wá lè má yọjú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́ sójú aago. Àṣà burúkú ni, àwọn tó ń ṣètò ṣó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Kétu ló máa jìyà rẹ̀ jù, torí ilé jìnnà.

Àlọ ò le. BRT tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mile 12 lóṣù Kẹta ọdún 2008 á gbé wọn dé CMS, tí owó bá ti wà nínú káàdì Cowry, wọ́n á sì wá ọkọ̀ mìíràn láti ibẹ̀ lọ sí Victoria Island. Àbọ̀ ni ìṣòro. BRT kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè lórí fóònù máa ń gbówó lérí nígbà tí ṣó bá parí, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kadà ò sí nínú ọ̀rọ̀: ìjọba ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022, ó sì kan Kòsọ́fẹ́ náà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ohun tó dára jù ni kí àǹtí bá awakọ̀ kan tí àdúgbò mọ̀ dunádúrà sílẹ̀, àlọ àti àbọ̀, kí òun àti ìyá ọmọ mìíràn tó fẹ́ lọ jọ dá owó náà. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kúrò níbẹ̀ ṣáájú orin tó kẹ́yìn, kí wọ́n má bàa bá gbogbo èrò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu géètì nígbà àbájáde náà lè fún bí iwájú pèpéle.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ìjà láàárín àǹtí àti ọmọ. Ó di aago 12, olórin ò tíì jáde, àǹtí ní ó tó, ọmọ bú sẹ́kún: "Àǹtí, ó ku díẹ̀, wọ́n ní ó ti dé ẹ̀yìn pèpéle!" Kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ni kó ti bá ọmọ sọ ọ́, lójú ìyá rẹ̀: aago báyìí la máa kúrò, ó kọrin o, kò kọrin o. Ọmọ tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ á ṣì sunkún, àmọ́ á tẹ̀ lé e.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Ariwo náà ní ìwọ̀n. Lọ́dún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ariwo níbi irú ayẹyẹ báyìí má ju ìwọ̀n 100 decibel lọ. Àǹtí ò lè wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ó lè jìnnà sí gbohùngbohùn, kó sì ra ìdíhò etí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn. Òwú lásán kì í dí ariwo púpọ̀.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS nílò ìṣọ́ra tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òùngbẹ, òtútù òru àti àárẹ̀ lè dá ìrora sí i lára. Omi àti aṣọ òtútù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, kí wọ́n sì bi dókítà rẹ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́. Ọmọ tó ní asthma kò gbọdọ̀ fi oògùn tó ń fà símú sílé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dákú níbi tí èrò bá pọ̀ sí, torí náà kí wọ́n má gbọ́kàn lé ìpè. Tí wọ́n bá ti wọlé, kí wọ́n yan ibì kan tó hàn kedere, tí wọ́n á ti pàdé bí wọ́n bá sọnù síra wọn. Kí àǹtí kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú bébà, kó fi sí àpò ọmọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ sì ni pípè wọ́n. Kí ọmọ náà mọ méjèèjì lórí kí wọ́n tó wọ BRT ní Kétu.