Ọjọ́ Tí Wọ́n Gba Myohaung: Bí Ogun Kan Ṣe Ń Lọ Níbi Púpọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ẹni tó bá wọ dánfó láti Àgùdà gba ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba yóò gbọ́ tí kọ́ńdọ́ ń ké “Bárékè!”, tí ẹnì kan á sì dáhùn pé “Ó wà o!” Abalti ni orúkọ bárékè náà. Èyí tó wà ní Yábàá, Myohaung ni wọ́n fi sọ ọ́. Ti Àpápá ń jẹ́ Arakan. Abalti wà létí odò Omo ní Etiópíà, níbi tí àwọn sójà Nàìjíríà ti dojú ìjà kọ ti Ítálì ní oṣù kẹfà ọdún 1941. Arakan jẹ́ ẹkùn kan létíkun Bọ́mà, Myohaung sì jẹ́ ìlú àtijọ́ nínú rẹ̀. Ogun kan náà ló gbé àwọn èèyàn wa dé gbogbo ibẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà.

Ṣùgbọ́n báwo ni Etiópíà, Bọ́mà àti Jámánì ṣe di ogun kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan, ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1945, ká fi wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ní Bọ́mà, òru ṣì ni ní Èkó. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn sójà Rọ́ṣíà gba Gleiwitz, ìlú èédú àti irin lápá ìlà oòrùn Jámánì. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ará Amẹ́ríkà ń parí lílé ọmọ ogun Hítílà padà kúrò nínú igbó Ardennes. Ní Filipíìnì, àwọn ará Amẹ́ríkà mìíràn tó gúnlẹ̀ sí Luzon ní ọjọ́ 9 oṣù náà ń rìn lọ sí Manila. Ọkọ̀ òfurufú gbéra láti orí ọkọ̀ ogun ojú omi mẹ́rin ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí ilé ìfọpo Pladjoe ní Palembang, níbi tí Jàpáànù ti ń rí epo fún ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ náà sí ọjọ́ kejì rẹ̀, Myohaung bọ́ sọ́wọ́ Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà wà nínú wọn.

Ọkọ̀ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, àti epo tí ọkọ̀ ń mu. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ogun ń bù jẹ nínú rẹ̀, Yúróòpù ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bù fún. Bọ́mà ló ń gba ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1944, ọ̀gágun Slim, tó ń darí ogun ní Bọ́mà, gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfurufú lórí àgọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Dakota 75 tó ń bá a kó oúnjẹ ló ń lọ yẹn. Wọ́n ti ní kí wọ́n kọjá sí Ṣáínà, torí Jàpáànù ń borí níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà dín oúnjẹ sójà kù ní Bọ́mà.

Ìdí nìyí tí Arakan fi ṣe pàtàkì. Slim fẹ́ dé Rangoon, olú ìlú Bọ́mà nígbà náà, kí òjò tó dé, ọkọ̀ òfurufú nìkan ló sì lè bọ́ ọmọ ogun rẹ̀ lójú ọ̀nà. Dakota kì í fò jìnnà kó tó padà. Ó nílò pápá ọkọ̀ òfurufú létíkun, ní Akyab àti ní erékùṣù Ramree. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé Akyab ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní, Jàpáànù ti kó kúrò níbẹ̀; bí Dìfíṣọ̀n 81 ṣe ń bọ̀ láti àfonífojì Kaladan wà lára ohun tó lé wọn. Ní ọjọ́ 21, Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ramree. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kọmándò gba ojú omi wọ Kangaw, wọ́n sì jókòó sórí òkè kan lẹ́bàá ọ̀nà kan ṣoṣo tí mọ́tò lè gbà níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn Jàpáànù tí àwọn èèyàn wa ń tì kúrò ní Myohaung fẹ́ gbà sá lọ. Ẹni tí wọ́n ń lé láti ẹ̀yìn bá ọ̀tá níwájú.

Kò sí ọ̀nà mọ́tò ní Kaladan tẹ́lẹ̀. Àwọn sójà Dìfíṣọ̀n 81 ló la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 gba orí òkè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, láti òkè ni oúnjẹ ń wá. Dakota á fò wálẹ̀, á da àpò ìrẹsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì fi páráṣúùtì sọ ọta ìbọn àti oògùn kalẹ̀. Àwọn aláàárù ogun á ká òṣùká, wọ́n á gbé ẹrù karí, wọ́n á kọrí sókè. Nínú ìwé ogun, ìlà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ àwọn aláàárù yìí sábà máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ orí wọn ni gbogbo ètò náà dúró lé.

Ojú ogun kì í dúró síbì kan, ẹni tó bá sì kù sẹ́yìn, ó di ẹni ìgbàgbé. Isaac Fadoyebo láti Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ mọ èyí lára. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ogun, olùtọ́jú aláìsàn sì ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, Jàpáànù yìnbọn sí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò Kaladan, ọta sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Dìfíṣọ̀n 81 fà sẹ́yìn, òun kò lè rìn. Ìdílé Mùsùlùmí kan lábúlé ló fi í pamọ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ, títí dìgbà tí àwọn ọmọ ogun padà dé ní oṣù kejìlá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ó kú ní ọdún 2012.

Ogun náà wọ ilé pẹ̀lú. Nígbà tí Jàpáànù gba Màláyà ní 1942, rọ́bà àti tánganran tí Gẹ̀ẹ́sì ń rí níbẹ̀ dáwọ́ dúró, wọ́n sì yíjú sí oko wa àti sí ihò kùsà Jos. L'Ékòó, ìjọba fi iye owó lé gàrí lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní ètò Pullen, Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ gidigidi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí oúnjẹ tó wọ́n.

Lẹ́yìn Myohaung, wọ́n dá Dìfíṣọ̀n 81 padà sí Íńdíà. Dìfíṣọ̀n 82 ń jà lọ síhà ìlú An. Rangoon bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1945. Lọ́dún kan náà ni wọ́n dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Ìgbóbì fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun náà, ó sì di ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo Èkó mọ̀ lónìí.