Ebi Ni Wọ́n Dọdẹ Lọ, Oorun Ni Wọ́n Pa Bọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ ní àdúgbò wa, mo gbé àwo iyán tọ bàbá arúgbó tí ń ṣọ́ wa lóru lọ, ọdẹ paraku tí ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ó ń ṣọ́ lọ; ṣùgbọ́n bàbá dúpẹ́, ó súre fún ìyá ọmọ, ó sì ní kí n bá òun gbé e pamọ́ di òwúrọ̀. "Bàbá, ṣé kò sí o?" ni mo bi wọ́n. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé o fẹ́ kí olè kó yín lọ ni, ìwọ ọmọ yìí? Ọdẹ tó bá yó, oorun ni yóò dọdẹ rẹ̀. Ebi ni ń là wá lójú."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí fi ìrọ̀rùn sọ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà àti Japan lo ọdún tó pọ̀ lé lórí kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀. Èyí tó sì pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n gbéra nílé. Ebi ni wọ́n dọdẹ lọ. Láti ọdún 1951 ni Anand àti Brobeck ti fi hàn ní Yunifásítì Yale pé bí a bá ba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì hypothalamus jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ eku, eku náà yóò kọ oúnjẹ títí ebi yóò fi pa á, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì ń pè ní ibùdó ebi láti ìgbà náà.

Lára sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní rìsẹ́pítọ̀, tí kò ní ojúṣe mìíràn ju kí ó gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí sẹ́ẹ̀lì náà lọ, èròjà tirẹ̀ pàtó ni í sì í jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990, tí wọ́n ti mọ jíìnì kà dáadáa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn rìsẹ́pítọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún wọn, wọ́n sì sọ wọ́n ní ọmọ òrukàn. Masashi Yanagisawa, ọmọ Japan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti 1988, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tsukuba, nítorí endothelin tí í máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, wà ní ìlú Dallas ní Texas nígbà náà; òun àti Takeshi Sakurai, pẹ̀lú àwọn ènìyàn ilé iṣẹ́ apoògùn SmithKline Beecham, sì dáwọ́ lé wíwá òbí fún àwọn ọmọ òrukàn wọ̀nyí. Wọn a fi rìsẹ́pítọ̀ kan sára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú àwo, wọn a lọ ọpọlọ eku, wọn a sẹ́ omi rẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọn a sì máa kán an lé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí èyí tí yóò ta kìjí.

Ọ̀kan ta kìjí. Èròjà méjì ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, tí amino acid 33 wà nínú ọ̀kan, tí 28 sì wà nínú èkejì, rìsẹ́pítọ̀ méjì ni wọ́n sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Nígbà tí wọ́n kán an sínú ọpọlọ eku, eku bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ju ìṣe rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi ebi pa eku mìíràn, ọpọlọ rẹ̀ túbọ̀ ń pèsè rẹ̀. Kí ni ènìyàn tún ń wá? Wọ́n sọ ọ́ ní orexin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí í jẹ́ ìfẹ́ oúnjẹ, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Cell ní oṣù kejì ọdún 1998.

Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ ni wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ náà ti ní orúkọ. Ní La Jolla, létí òkun California, ní ilé ìwádìí Scripps, Luis de Lecea àti Gregor Sutcliffe, pẹ̀lú Kaare Gautvik tó ti Norway wá, ti ṣa àwọn jíìnì tó jẹ́ pé inú hypothalamus ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù, wọ́n sì ti kọ̀wé lé e lórí láti 1996. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn ará Scripps tẹ̀ lé títí tí wọ́n fi bá èròjà méjì yìí kan náà, tí wọ́n sọ ní hypocretin, nítorí hypothalamus tó ti wá, àti nítorí pé lójú wọn ó jọ secretin tí ń bẹ nínú ìfun. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998 ni ìwé tiwọn jáde.

Ta wá ni ẹ̀gbọ́n? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn ni èyí. Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn California yóò ní Táíwò ni wọ́n, àwọn ló kọ́kọ́ yọjú sáyé, ìwé sì jẹ́rìí. Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn Texas yóò ní ẹni tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni àgbà, nítorí pé àwọn ti La Jolla rí ońṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí ń gba iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé tó pẹ́ lẹ́yìn ló mọ ohun tó rán Táíwò. Àwọn tí ń ṣètò orúkọ jíìnì mú hypocretin. Àwọn tí ń ṣètò orúkọ rìsẹ́pítọ̀ mú orexin. Títí di òní, ẹni tó bá ń ka ìwé wọn yóò máa bá orúkọ méjèèjì pàdé, àní lójú ìwé kan náà. Nígbà tí wọ́n sì pín ẹ̀bùn Breakthrough ti ọdún 2023, mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, Yanagisawa àti Emmanuel Mignot ti Stanford ni wọ́n fún; de Lecea kò sí níbẹ̀, Sakurai tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé Dallas kò sì sí níbẹ̀. Bí ó bá ṣe èmi ni wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà, n óò ní orúkọ méjèèjì ni kò bá ọmọ mu.

Ìdí ni pé nígbà tí àwọn ará Dallas sin eku tí kò ní jíìnì orexin rárá, eku náà dín oúnjẹ kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rù. Richard Chemelli, nítorí pé òru ni eku ń jayé, dẹ kámẹ́rà tí ń rí inú òkùnkùn sí wọn. Ohun tó rí ni eku tí ń sáré kiri, tí ń họ ara, tí ó kàn ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, tí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì dìde, tí ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wò ó yóò pè é ní wárápá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, wárápá kò sí níbẹ̀. Àrùn tí Gélineau, oníṣègùn Faransé, sọ ní narcolepsy ní 1880, lẹ́yìn tí ó rí onísòwò ọtí kan tí oorun ń gbé nígbà púpọ̀ lójúmọ́, ni.

Ní oṣù kan náà, oṣù kẹjọ ọdún 1999, ni Mignot, ẹni tó ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lórí àwọn ajá Doberman àti Labrador tí àrùn yìí ń bá jà láti inú ìran, gbé tirẹ̀ jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dán àwọn ajá náà wò: wọn a to oúnjẹ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ìlà, ajá a fi ayọ̀ sáré wá, a gbé èkíní mì, inú rẹ̀ a dùn jù, orúnkún a yẹ̀, a sì wó lulẹ̀ níwájú oúnjẹ tí kò tíì jẹ. Jíìnì tó bàjẹ́ lára wọn ni ti rìsẹ́pítọ̀ kejì orexin. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ó hàn pé ti ènìyàn yàtọ̀: nínú nǹkan bí 70,000 sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè orexin nínú ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìwọ̀nba kín-ún ni í kù lára ẹni tí narcolepsy ń ṣe.

Síbẹ̀ ebi kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 2001, àwọn eku tí sẹ́ẹ̀lì orexin wọn ti kú jẹun kéré ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì tún sanra jù wọ́n lọ. Ní 2003, wọ́n fi ebi pa eku: èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé kò lè sùn, ó ń wá oúnjẹ kiri, èyí tí kò ní in kò jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni í pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́nu mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oorun náà wà nínú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí suvorexant, oògùn ilé iṣẹ́ Merck tí ń dí rìsẹ́pítọ̀ méjèèjì kí ẹni tí oorun kọ̀ lè sùn. Mo kí àwọn tó ṣe é, nítorí àìsùn kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní kékeré, kí adìyẹ tó wọ̀ ni a ti jẹ ẹ̀kọ wa tán, àlọ́ ni a fi ń mú oúnjẹ náà dà, epo àtùpà tó ń tán lọ ni í sì lé wa wọ yàrá. Lónìí ọmọ ènìyàn a jẹun láàárín òru, a tẹjú mọ́ fóònù títí àkùkọ yóò fi kọ, a sì ní kí wọ́n bá òun wá hóró oògùn kan. Wọ́n ti ń ṣe òdì-kejì rẹ̀ báyìí, èyí tí yóò máa jí rìsẹ́pítọ̀ kejì fún àwọn tí narcolepsy ń gbé ṣubú, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ mo mọ awakọ̀ tí ń fi obì wakọ̀ mọ́jú láti Èkó dé Kánò, mo sì mọ ọ̀gá tí ń yin ẹni tí kì í sùn. Bí hóró tí ń la ojú láìsí ebi bá dé ọjà, n kò rò pé aláìsàn nìkan ni yóò tò sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ń tà á.