Kí ni kọ̀ǹpútà ń wá nínú omi dáàmù? Ohun tí mo rí ní Malete

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní KWASU, ní Malete, mo bá a níwájú laptop rẹ̀. Laptop náà gbóná, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójú rẹ̀, àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti búlúù ń yí bírí.

Mo ní, "Géèmù wo tún nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, omi ni o. Omi tó ń já bọ́ látorí dáàmù."

Láti àná ló ti ń ṣe é, kò sì tíì parí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni omi náà máa fi ṣàn o! Mo wá bi í pé kí ló dé tí omi lásán fi ń dààmú kọ̀ǹpútà tó báyìí. Ohun tó sọ fún mi, àti èyí tí mo lọ kà kún un, ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Omi méjì ló wà

Ẹ lọ ṣí ẹ̀rọ omi ilé yín díẹ̀. Omi á máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, á mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ẹ wá ṣí i dé òpin: á dàrú, á pariwo, á ru fúnfún.

Ní 1883, Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Manchester, da aró sínú omi tó ń gba inú páìpù gíláàsì kọjá. Nígbà tí omi ń rọra lọ, aró náà nà tọ́ọ́rọ́ bí òwú. Nígbà tó di eré, aró fọ́n káàkiri. Ibẹ̀ la ti rí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Reynolds number. Ó ń wo bí omi ṣe ń sáré tó, bí ọ̀nà tó ń gbà ṣe fẹ̀ tó, àti bí ó ṣe ki tó. Nínú páìpù, tí kò bá tó nǹkan bíi 2,000, omi á lọ jẹ́jẹ́. Tó bá ti kọjá 4,000, rúkèrúdò dé nìyẹn.

Páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí omi inú rẹ̀ ń sáré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti tó 25,000. Omi dáàmù tó jìn ní mítà 5, tó ń sáré mítà 20? Mílíọ̀nù 100!

Ọjà Ìpátá nínú kọ̀ǹpútà

Nínú rúkèrúdò, omi ńlá tó ń yí bírí máa ń fọ́ sí kéékèèké, kéékèèké náà á tún fọ́, títí tó fi máa kéré ju mìlímítà kan lọ. Tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí dáàmù yẹn, ojú ibi tó máa ṣírò á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 pẹ̀lú òdo 18 lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbé e láyé yìí. Ìṣirò Navier àti Stokes tí wọ́n ń lò fún un ti wà láti nǹkan bí igba ọdún. Láti 2000 ni ilé iṣẹ́ Clay ní Amẹ́ríkà ti gbé mílíọ̀nù dọ́là kan kalẹ̀ fún ẹni tó bá yanjú ìbéèrè pàtàkì kan nípa rẹ̀. Owó náà ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Ẹ ro Ọjà Ìpátá ní Ìlọrin. Ẹ ò lè tẹ̀ lé gbogbo ẹni tó wọ ọjà. Ẹ lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ ka iye èèyàn tó sábà ń kọjá ní wákàtí kan. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ nìyẹn: kọ̀ǹpútà á ṣírò bí omi ṣe sábà ń ṣe, á sì fojú bu rúkèrúdò tó kù. Ẹ sì lè tẹ̀ lé mọ́tò àti ọ̀kadà, kẹ́ ẹ fojú bu àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọgbọ́n kejì nìyẹn: ó ń tẹ̀ lé omi ńlá tó ń yí, ó ń fojú bu kékeré. Èyí péye ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ gan-an.

Kí ló kàn wá?

Ìjọba ìbílẹ̀ Moro kan náà ni Malete àti Jẹ́bà wà. Láti 1985 ni dáàmù Jẹ́bà ti ń fi omi Odò Ọya ṣe iná mànàmáná. Tí omi bá pọ̀ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Omi tó bá sì já láti gíga mítà 20 á máa sáré tó kìlómítà 70 ní wákàtí kan, bíi mọ́tò lójú títì. Tí ẹ bá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, á gbẹ́ ilẹ̀ ìdí dáàmù fúnra rẹ̀.

Ẹ padà sídìí síǹkì. Omi tó já lulẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sáré, lójijì á wú sókè bí òrùka. Àwọn ẹnjiníà ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀ sísàlẹ̀ dáàmù, kí omi bá ara rẹ̀ jà, kó rẹ̀ ẹ́ kó tó dé odò. Báwo ni ilẹ̀ náà ṣe máa gùn tó? Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà àbúrò mi ń wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ọ́n. Ní February 2017, kọnkéré ọ̀nà omi dáàmù Oroville ní California fọ́. Wọ́n ní kí èèyàn tó tó 188,000 kúrò nílé. Omi ló ráyè wọ abẹ́ kọnkéré náà, ó sì gbé e sókè. Nílé níbí, ní September 2024, dáàmù Alau ya, omi sì gba Maiduguri. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa lọ wo dáàmù, kó máa wọn odò, kó sì máa tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe.

Èyí tó dùn mọ́ mi ni pé ọ̀fẹ́ ni OpenFOAM tí àbúrò mi ń lò. HEC-RAS tí àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe fún ìṣirò odò àti omíyalé, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹni tó bá ní laptop àti sùúrù lè bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ. Bátìrì laptop ò sì dára. Gbogbo iṣẹ́ látàná pòórá! Omi tó ń fún wa níná ló ń ṣírò o. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó ń dúró kí iná dé. Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló máa tẹ̀.