Ohun tí Awakọ̀ Rántí Nípa Ilé Kọfí Ẹ̀bá Ọ̀nà

Pissy wà ní ìwọ̀-oòrùn Ouagadougou, lójú ọ̀nà Bobo-Dioulasso tí ó jìnnà tó bí 360 kìlómítà. Mo bi àwọn àgbà awakọ̀ akẹ́rù níbẹ̀ nípa ilé kọfí àtijọ́. Wọ́n rántí kọfí oní-mílíìkì inú agolo, búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Ṣùgbọ́n ìròyìn ni wọ́n fi ṣe olórí. Lórí bẹ́ǹṣì ni ẹni tí ń bọ̀ ti ń sọ fún ẹni tí ń lọ ibi tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Lónìí, tẹlifóònù alágbèéká ń ṣe iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó jókòó tì awakọ̀ nìkan ni ó lè rí i pé oorun ti kún ojú rẹ̀, kí ó sì dá a dúró.