Ṣé Ká Ta Ṣọ́ọ̀bù Nítorí MBA?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Niger Street, ní Sábọ́n Gárì yìí, ló ránṣẹ́ pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ti gba ọmọ wọn láti wá ka MBA, ìyẹn oyè gíga nínú ìmọ̀ òwò. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni màmá ní, wọ́n sì fẹ́ ta ọ̀kan. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ṣé kí n tà á?”

Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti màmá nìkan.

Láti ọdún 1908 ni Harvard ti ń kọ́ni ní MBA ní Amẹ́ríkà. Ní INSEAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Paris lọ́dún 1957, oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kà á, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ka apá kan ní ilẹ̀ Faransé, kó ka ìyókù ní Singapore. Ará Íńdíà, ará Brazil àti ọmọ Nàìjíríà á jọ yẹ ìṣòro ilé-iṣẹ́ kan wò, oníkálùkù á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tirẹ̀. Ìjókòó yẹn gan-an là ń sanwó fún. Ìwé tí wọ́n ń kà, èèyàn lè rà á.

Àwọn baba wa kúkú ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin tajà dé Tamale, àwọn ará Èjìgbò dé Abidjan. Wọ́n gbọ́ èdè onílẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó ṣeé tà fún láwìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Bàbá tó bí màmá wà lára àwọn tó fi ọjà sílẹ̀ sá wálé. Kánò ló wá tún bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ tà yìí ló sì dá sílẹ̀.

Òfin ṣì ń yí padà mọ́ àlejò lọ́wọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ ka MBA ní Ìlú Ọba kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Owó ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ̀kọ́ tí mílíọ̀nù 10 náírà ìbá ká ti di ti mílíọ̀nù 32.

A bi ọmọ náà pé ọdún mélòó ló ti fi ṣiṣẹ́. Kò tíì ṣiṣẹ́ rárá! Ibẹ̀ lara ti fu wá, torí ilé-ẹ̀kọ́ MBA tó gbayì sábà máa ń béèrè ìrírí iṣẹ́. Ẹni tí kò tíì rí nǹkan kan, kí ni yóò bá àwọn tó kù sọ? A ní kó kọ́kọ́ dúró ti màmá ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta, kó máa kọ ìṣirò sílẹ̀. Tó bá ṣì ń wù ú lẹ́yìn náà, Dangote Business School wà ní Bayero University, ní Kánò níbí. Lagos Business School náà ti wà láti ọdún 1991. Bó bá sì jẹ́ òkè òkun ni, á ti ní ohun tó máa gbé lọ.

Ojú rẹ̀ kò dùn sí wa. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ. Màmá kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń ká aṣọ. Ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù ń retí èsì lọ́jọ́ Sátidé.