Lẹ́yìn abẹ olóòlà: bí awọ ara ṣe ń dí ojú ọgbẹ́

Ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá wo ojú àwọn àgbàlagbà dáadáa ṣì lè rí pélé: ilà kéékèèké mẹ́ta tó dúró lóròó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò wọ́pọ̀ lójú àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ti ọdún 2003 ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀. Ọwọ́ olóòlà, ẹni tó ń kọ ilà, la máa ń yìn. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí awọ ara ṣe lẹ́yìn tí olóòlà ti palẹ̀ abẹ mọ́ ló yani lẹ́nu jù.

Sẹ́ẹ̀lì ló tò jọ sí òkè awọ ara wa, wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ E-cadherin ló so wọ́n pọ̀. Ó yọrí lára sẹ́ẹ̀lì kan, ó sì di irú ara rẹ̀ tó yọrí lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ mú. Masatoshi Takeichi, onímọ̀ ará Japan tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ẹbí púrótéènì yìí lórúkọ ní 1984, fi hàn pé bí kò bá sí kálíṣíọ̀mù, kò lè di nǹkan mú. Nínú sẹ́ẹ̀lì, púrótéènì mìíràn, catenin, ló so ó mọ́ okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní actin.

Tí abẹ bá la awọ, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ni sẹ́ẹ̀lì etí ọgbẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Púrótéènì mìíràn, integrin, ló wà nídìí ìyẹn. Òun ló ń di àwọn púrótéènì fibronectin àti collagen inú ọgbẹ́ mú bí actin ṣe ń ti iwájú sẹ́ẹ̀lì síta; ti ẹ̀yìn á sì jọ̀wọ́ ibi tó dì mú. Síbẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì í tú ká. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ṣe ń wọ́ lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ojúde Ọba ni wọ́n ń rìn: aṣáájú ń lọ, ará ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ yà kúrò lórí ìlà. E-cadherin á kàn dẹ ọwọ́ díẹ̀ ni. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì apá ọ̀tún bá pàdé ti apá òsì, wọ́n á di ara wọn mú, ìrìn á sì parí. Omi ìgbín tí olóòlà ń kán sójú abẹ lè mú ara tutù, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ló dí ọgbẹ́.

Àpá tó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní kílọ́ìdì, ìsàlẹ̀ awọ ló ti wá, níbi tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń ṣe collagen láìmọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Àwa adúláwọ̀ ló ń bá jà jù. Ẹ má ṣe gé e nígèékúgèé o. Ó sábà máa ń padà wá, á sì tóbi ju ti àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, tí sẹ́ẹ̀lì kò bá di ara wọn mú mọ́, ni jẹjẹrẹ ọmú, jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù láàárín obìnrin Nàìjíríà. Oríṣi rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé E-cadherin kì í sábà sí lára àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tó dì wọ́n pọ̀, wọ́n á wá máa yọ́ wọ inú ẹran ara ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí èyí, ó lè má di kókó tí ọwọ́ lè bà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má dúró de kókó. Bí apá kan ọmú bá ń le, tàbí tí ìrísí rẹ̀ yí padà, tàbí tí orí rẹ̀ wọnú, ẹ lọ rí dókítà.