Nígbà Tí Táyà Bá Ń Yí Lásán: Bí Mọ́tò Oní-rìmóòtù Ṣe Lè Di Ilẹ̀ Mú

Ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà ọyẹ́, àbúrò mi ọkùnrin gbé mọ́tò oní-rìmóòtù rẹ̀ kalẹ̀ sórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ṣakí. Kì í ṣe irú èyí tí a ń rà fún ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Mọ́tò eré-ìje orí ilẹ̀ gbágungbàgun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní buggy. Ara rẹ̀ fúyẹ́, táyà rẹ̀ ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Àlòkù ni, owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni ó fi rà á.

Ó tẹ rìmóòtù. Ẹ́ńjìnnì ké, eruku pupa sọ, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń yí bí òòyì, ṣùgbọ́n mọ́tò kò kúrò lójú kan. Nígbà tí ó sì wá lọ, ìdí rẹ̀ yí po, ó kọjú sí ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì yìí ni kò lágbára tó. Màá ra èyí tó tóbi jù ú lọ.”

Mo mọ owó tí ó ní lọ́kàn. Owó fọ́ọ̀mù JAMB ni. Kí n tó fèsì, Bàbá wa dá sí i láti orí àga wọn lábẹ́ igi dóńgóyárò. Láti ìgbà tí mọ́tò náà ti wọlé ni wọ́n ti ń bínú sí i, tí wọ́n ń pè é ní ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọn kò bínú. Wọ́n ní, “Agbára kọ́ ni kò tó. Táyà rẹ ni kò rí ilẹ̀ dì mú. Bí o bá fi agbára kún un, yóò kàn máa gbẹ́ ilẹ̀ ni.”

Ohun Tí Ìjàpá Fi Kọ́ Wọn

Ó lé ní ogún ọdún tí Bàbá fi ṣe tíṣà káàkiri Òkè-Ògùn, Ìjàpá ni wọ́n sì ń wà nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé, Ìjàpá ni orúkọ tí àwọn èèyàn wa sọ ọkọ̀ Volkswagen abẹ̀yìn-ribiti, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe ńlá, síbẹ̀ ó máa ń la ẹrẹ̀ kọjá níbi tí àwọn ọkọ̀ tó lágbára jù ú lọ bá há sí. Bàbá ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, orí táyà tó ń ti ọkọ̀ náà gan-an ni ìwúwo rẹ̀ jókòó lé. Ìdí kan náà ni a fi ń ní kí àwọn ọkùnrin gun ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù nígbà tí ó bá há sínú ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá sún mọ́ ìtàn mọ́tò àbúrò mi ju bí àwa méjèèjì ti rò lọ. Ní ọdún 1964, Bruce Meyers, ará California ní Amẹ́ríkà, fi ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà ara Volkswagen yìí kan náà ṣe ọkọ̀ orí iyanrìn tí ó pè ní Meyers Manx. Ní ọdún 1967, Manx ni ó gba ipò kìíní nínú Mexican 1000, eré-ìje inú aginjù ní Mẹ́síkò. Nígbà tí ó di ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Tamiya ti Jàpáánù gbé mọ́tò oní-rìmóòtù kan jáde tí ó ń jẹ́ Sand Scorcher. Ìrísí Ìjàpá ni wọ́n fún un, ẹ̀yìn sì ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí. Ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré lónìí, ìbátan ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi lọ síbi iṣẹ́ ni.

Mọ Ilẹ̀ Kí O Tó Mọ Táyà

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, orí ilẹ̀ ni a sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti àyíká wọn, ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn le gbagidi nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n eruku àti wóró yangí bo ojú rẹ̀. Wóró yangí wọ̀nyí a máa yí lábẹ́ táyà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó tú sílẹ̀. Bí òjò bá wá dé, ilẹ̀ kan náà a di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Nítorí náà, kò sí táyà kan ṣoṣo tó yẹ gbogbo ìgbà.

Táyà eléyín gígùn dára fún iyanrìn àti ilẹ̀ tó rọ̀, nítorí pé ó máa ń gún ilẹ̀ wọlé. Lórí ilẹ̀ líle, ṣóńṣó eyín náà nìkan ló ń kan ilẹ̀. Eyín kúkúrú tó sún mọ́ra ló yẹ níbẹ̀: yóò la eruku kọjá, yóò sì kan ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀. Rọ́bà tó rọ̀ a sì máa di ilẹ̀ mú ju èyí tó le lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ jẹ tán. Eyín gígùn ni táyà àbúrò mi ní. Dípò kí ó ra òmíràn, sáńpépà ni ó fi ha eyín náà títí wọ́n fi kúrú. Àwọn tó ń fi irú mọ́tò yìí díje náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo, Ṣọ́ọ̀kù àti Differential

Lẹ́yìn táyà, ó kan ìwúwo. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò yìí ń yí, nítorí náà a sún bátìrì rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ìwúwo bá pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú yóò fúyẹ́, mọ́tò kò sì ní fẹ́ yà nígbà tí ẹ bá yí i. Ohun tí a fi kún ẹ̀yìn, iwájú ni a ti mú un.

Ṣọ́ọ̀kù ló tẹ̀ lé e. Bí sípíríǹgì bá le jù, mọ́tò yóò máa fò lórí òkúta, táyà tó bá sì wà lófuurufú kò rí ilẹ̀ kankan dì mú. Sípíríǹgì tó rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ń jẹ́ kí ìwúwo padà sórí táyà ẹ̀yìn nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra. Òróró sílíkóònù ni a ń rọ sínú ṣọ́ọ̀kù, kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnnì, nítorí ìyẹn lè ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ìkẹta ni differential, ẹ̀yà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Nígbà tí mọ́tò bá ń yà, táyà ẹ̀gbẹ́ òde ń rin ọ̀nà tó jìn ju ti inú lọ, differential ló sì ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí táyà kan bá gbéra nílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára yóò sá lọ, tí yóò máa yí lásán. Òróró tó ki díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń dín èyí kù. Bí ó bá ki jù, mọ́tò kò ní yà dáadáa.

Òfin kan ni a kò rú: ohun kan ṣoṣo ni a ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. A ó sáré ìyípo márùn-ún, a ó kọ ohun tí a rí sínú ìwé, kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí mọ́tò bá dára sí i, kò ní mọ èyí tó ṣe é lóore.

Ìka Tó Wà Lórí Rìmóòtù

Ó ku àtúnṣe kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bàbá ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí o máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Ìjàpá bá wọ ẹrẹ̀, n kì í tẹ iná mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.” Táyà tó ń yí tẹ̀lé ilẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú ju èyí tó ti já, tó ń yọ̀, lọ. Nígbà tí àbúrò mi fi ìka tútù tẹ rìmóòtù, mọ́tò náà gbéra nílẹ̀ láìfọ́n eruku púpọ̀, ó yí igi dóńgóyárò po, ó sì padà wá bá wa.

Kò ra ẹ́ńjìnnì ńlá mọ́. Owó sáńpépà àti òróró nìkan ni a ná, ó sì ti gba fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ lọ kọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé ohun tó jọ ìnákúnàá wálé, ẹ bi í bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó bá a wí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sì rò pé ẹni tí kò tí ì di rìmóòtù mú rí kò lè mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mọ́tò náà kọ́kọ́ yí igi po, Bàbá dìde lórí àga, wọ́n na ọwọ́. Wọ́n ní, “Gbé rìmóòtù yẹn wá ná.”